Ẹnu Òkú àti Ìwé Ìhágún

Ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án. Bí Suberu Dawodu ṣe fi ayé sílẹ̀ ní Èkó nìyẹn. Ilé wà, owó ilé ń wọlé, ṣùgbọ́n kò kọ ìwé kankan sílẹ̀. Ẹjọ́ tó ti ibẹ̀ yọ kò tán ní Èkó. Ó sọdá òkun, ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ló sì parí rẹ̀ ní 1962. Ẹni tó bá ti gbé ilé olórogún rí ti mọ ohun tí wọ́n ń fà: ṣé ìdí-igi ni wọn yóò fi pín in ni, àbí orí-ò-jorí?

Ìdí-igi ń ka ìyá, orí-ò-jorí ń ka ọmọ. Ká ní owó ilé náà jẹ́ ₦3,600,000 lọ́dún lónìí. Bí wọ́n bá fi ìdí-igi pín in, ìdí kọ̀ọ̀kan yóò gba ₦900,000. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí òun nìkan yóò dá gbogbo rẹ̀ gbé lọ. Bí ọmọ mẹ́rin bá sì ti ìdí kan náà wá, ₦225,000 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ orí-ò-jorí, ₦400,000 ni fún olúkúlùkù. Èyí tó bá gbe oníkálukú ni yóò sì máa pè ní àṣà.

Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà gbà pé ayé ti kọjá ìdí-igi, ó ní kí wọ́n pín in lórí-ò-jorí. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ú lọ yí ìdájọ́ yẹn padà ní 1958, Lọ́ńdọ̀nù sì fọwọ́ sí i: ìdí-igi ṣì ni àṣà Yorùbá, orí-ò-jorí wà fún ìgbà tí ìjà bá wọ̀ ọ́, tí olórí ẹbí sì rí i pé òun ló máa pẹ̀tù sí i. Èmi ò bá adájọ́ àkọ́kọ́ wí. Àmọ́ ojú ewé kan tí olóògbé bá fọwọ́ sí ni ìbá ti dá gbogbo wọn dúró sílé.

Kí ìwé tó dé, ẹnu ni. Àgbà tó bá rí i pé ọjọ́ ti ń lọ yóò pe àwọn ọmọ àti ẹlẹ́rìí jọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, yóò ní oko etí odò ti Lágbájá ni, agbádá àti sányán ti Làkásègbè. Bí ẹ̀rí rẹ̀ bá múná, irú ìpíngún bẹ́ẹ̀ ṣì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lábẹ́ àṣà. Bí kò bá sọ̀rọ̀ kó tó lọ, ẹbí ló ń sọ ọ́ fún un. Àkọ́bí ọkùnrin, Dáwódù, ni yóò di olórí ilé (ẹ má jẹ́ kí orúkọ ẹbí tòkè yẹn rú yín lójú), ṣùgbọ́n àmójútó ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́, wọn ò há ilé fún un. Ìdájọ́ Lewis àti Bankole, tí wọ́n dá ní Èkó ní 1908, fi yé wa pé bí Dáwódù náà bá kú, èyí tó dàgbà jù láàyè nínú àwọn ọmọ olóògbé àkọ́kọ́ ló kàn, ìbáà ṣe obìnrin. Ní 1924, nínú ẹjọ́ ìdílé Lopez, kóòtù tún sọ pé ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ ẹbí bí ọmọkùnrin.

Opó ni àṣà kò rí. Ní 1929 kóòtù kan ní Èkó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń bá lọ, ìyàwó kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀. Obìnrin tó bá ọkọ dá sìmẹ́ǹtì pọ̀, tó ta aṣọ rẹ̀ nítorí páànù, á wá máa wo ẹnu àbúrò ọkọ.

Òyìnbó gba Èkó ní 1861, ní 1863 wọ́n sì kéde òfin Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Nínú ẹrù náà ni Wills Act ti 1837 bá wọlé. Àwọn Sàró, àwọn tó ti Sierra Leone padà wálé, tí wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó alárédè láti Freetown, ló kọ́kọ́ rí ìlò fún irú òfin bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ Cole ti 1898 ló gbé e síta: ọkùnrin tó gbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sierra Leone kú sí Èkó láìkọ ìwé, ó fi ìyàwó sílẹ̀ àti ọmọkùnrin kan tí orí rẹ̀ kò pé. Arákùnrin rẹ̀ ní òun ni àṣà fi jogún. Kóòtù ní rárá, ìgbéyàwó yẹn ti mú wọn kúrò lábẹ́ àṣà. Àmọ́ nígbà tó di 1924, ẹjọ́ Smith bẹ́gi dínà díẹ̀: òrùka nìkan kò tó, ẹ wo bí ènìyàn ṣe gbé ayé rẹ̀.

Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ṣe òfin ìhágún tiwọn ní 1958, wọ́n sì fi gbólóhùn kékeré kan sí i pé òfin náà kò gbọdọ̀ tẹ àṣà mọ́lẹ̀. Àwọn ará Ìbìní, tí wọ́n wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, ló jẹ ìyà gbólóhùn yẹn jù, nítorí lọ́dọ̀ wọn àkọ́bí ọkùnrin ló ń jogún ilé tí bàbá gbé tó sì kú sí. Nínú ẹjọ́ Idehen ti 1991, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tú u pé ohun tí a lè há ni àṣà ń dí lọ́wọ́, kì í ṣe ẹni tó ń há a. Lọ́dọ̀ tiwa, ilẹ̀ ẹbí ni ìkìlọ̀ náà kàn. Bàbá tó kọ ilẹ̀ àwọn bàbá rẹ̀ sínú ìwé fún àbíkẹ́yìn kò fún un ní nǹkan kan; kò ní i ní òun nìkan.

Ìwé náà fúnra rẹ̀ kò le. Kọ ọ́, fọwọ́ sí i nísàlẹ̀, kí ẹlẹ́rìí méjì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn náà fọwọ́ sí i lójú rẹ. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀ ni yíyan ẹlẹ́rìí. Bí màmá bá pe ọmọbìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ pé kó wá jẹ́rìí sí ìwé tó fi há ṣọ́ọ̀bù fún un, ìwé á dúró, ṣọ́ọ̀bù á bọ́. Ọkọ ọmọ náà kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú. Ẹni tó bá tún lọ ṣègbéyàwó ní kóòtù lẹ́yìn tó ti kọ ìwé rẹ̀, kó lọ kọ òmíràn, torí ti àkọ́kọ́ ti kú. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ kì í pa á.

Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, òfin tún fún ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ tí wọ́n yọ sílẹ̀ láyè láti bẹ kóòtù pé kó wá nǹkan fún òun, láàárín oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí kóòtù bá ti tẹ́wọ́ gba ìwé náà.

Báǹkì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló rò pé orúkọ tí wọ́n kọ síwájú “next of kin” nínú fọ́ọ̀mù ni yóò jogún owó ibẹ̀. Ẹni tí báǹkì yóò pè pé ìwọ ti lọ ni. Bí kò bá sí ìwé ìhágún, yóò bá àwọn yòókù tò ní kóòtù, kó lọ gba ìwé àṣẹ kí ẹnikẹ́ni tó rí kọ́bọ̀.