Ọ̀nà Tí Àjàyí Rìn



Ọmọ Ayétẹ̀ ni mí, ọ̀kan nínú ìlú méje tí à ń pè ní Ìbàràpá. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹsẹ̀ ni ìyá àgbà mi fi ń ru ẹ̀gúsí láti Ayétẹ̀, gba Ìdèrè kọjá, lọ sí Ìgbò-Ọrà. Bí mo bá tẹ̀lé e, kò sí àpáta tàbí igi ńlá kan lẹ́bàá ọ̀nà tí kò ní ìtàn lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ pé ìwé ni ọ̀nà jẹ́ fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà.

Àwọn ará ìlú mìíràn mọ èyí dáadáa. Ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, ọdọọdún ni àìmọye ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ rin nǹkan bí 800 kìlómítà láti ẹnu ààlà ilẹ̀ Faransé dé Santiago de Compostela. Ní Ouidah, ní ilẹ̀ Benin tí kò jìnnà sí wa, ọ̀nà tí wọ́n ń da ẹrú gbà lọ sí etí òkun kò ju nǹkan bí kìlómítà 4 lọ. Síbẹ̀ wọ́n to ère sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì kọ́ ẹnu-ọ̀nà ńlá kan sí òpin rẹ̀ ní ọdún 1995. Mo wá bi ara mi léèrè pé: ọ̀nà wo ni ó wà ní agbègbè tiwa tí ó yẹ kí ènìyàn rìn? Ìdáhùn tí mo rí kò jìnnà. Ọ̀nà tí Àjàyí rìn ni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, Àjàyí, tí ayé padà mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, wà ní Òṣoogùn pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀. Nínú lẹ́tà tí ó kọ ní ọdún 1837, ó ní òun tó ọmọ ọdún 13 ààbọ̀ nígbà náà. Ó ní ènìyàn ìlú náà tó 12,000, odi rẹ̀ sì tó máìlì 4 yípo. Ẹnu-bodè tí wọ́n ní láti ṣọ́ tó mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọkùnrin kan kò sí nílé. Oúnjẹ àárọ̀ wà lórí iná nígbà tí ogun wọlé. Bàbá rẹ̀ sáré dé, ó ní kí wọ́n sá, ó sì padà sójú ìjà. Àjàyí kò tún fojú kàn án mọ́.

Wọ́n fi okùn so wọ́n mọ́ra lọ́rùn: òun, ìyá rẹ̀, arábìnrin rẹ̀ méjì, tí ọ̀kan jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́wàá, àti ọmọ ìyekan wọn kan. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn dé Ìṣẹ́yìn, nǹkan bí máìlì 20. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, tí wọ́n sì fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Láàárín wákàtí 24, ó ti di ohun ìní ènìyàn mẹ́ta. Nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tí ó gbà á lọ́rùn, wọ́n dá Àjàyí padà. Láti ibẹ̀ ó dé Ìjàyè, ó dé Ìtòkò, ó dé Ìkẹ́rẹ́kú, ó dé Ìkòsì, kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó. Ìbànújẹ́ pọ̀ fún un lójú ọ̀nà náà débi pé ó pinnu láti fi ọ̀já ara rẹ̀ pa ara rẹ̀, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò gbà á. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú àwọn Pọtogí, wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Ká ní ọ̀já yẹn ti pa á, ta ni ì bá tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843? Ta ni ì bá ṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì Yorùbá tí ó parí ní ọdún 1884? Èdè tí mo fi ń kọ èyí sí yín gba ojú ọ̀nà yẹn kọjá. Ní ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, Àjàyí tún rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25.

Òṣoogùn ṣì wà lónìí ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìṣẹ́yìn. Láti Ìbàràpá, ẹni tí ó bá gba Èrúwà àti Láńlátẹ̀ lè yà sí Adó-Àwáyè, kí ó gun àtẹ̀gùn 369 lọ wo adágún Ìyákẹ́ lórí òkè, kí ó tó máa bá ìrìn-àjò rẹ̀ lọ sí Ìṣẹ́yìn. Kò pọn dandan kí a dúró de ìjọba. Kí àwọn àgbà ìlú kọ̀ọ̀kan fi ibi tí ọ̀nà àtijọ́ gbà hàn wá, kí àwọn olùkọ́ sì kó ọmọ iléèwé rìn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ máìlì kan péré.

Àjàyí kò dá rìn. Gbogbo àwọn tí okùn kan náà so pọ̀ mọ́ ọn ní ìyá, wọ́n ní orúkọ, ṣùgbọ́n òun ni ó rí ààyè kọ ìtàn tirẹ̀ sílẹ̀. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Bí a bá rìn ín, gbogbo wọn ni a ó jọ rìn.