Ọwọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Nígbà Àjàkálẹ̀ Àrùn

Bí àjàkálẹ̀ àrùn bá dé, ṣé ká pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wọ wọ́ọ̀dù ni, àbí ká ní kí wọ́n máa lọ sílé? Ìbéèrè yìí ti pẹ́. Ní 1952, àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ jà ní ìlú Copenhagen ní Denmark débi pé ọ̀pọ̀ aláìsàn kò lè mí fúnra wọn mọ́. Nínú àwọn 31 tí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ràn lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn Blegdam, 27 ló kú. Bjørn Ibsen, dókítà tó ń fi oògùn oorun kun aláìsàn kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, ló wá dá ọgbọ́n kan: kí wọ́n dá ihò sí ọ̀fun aláìsàn, kí wọ́n ki ọ̀pá bọ̀ ọ́, kí ẹnì kan sì máa fi ọwọ́ fún àpò rọ́bà kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, tọ̀sán-tòru. Ọwọ́ ta ni? Ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni. Bíi 1,500 wọn ló ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, ikú sì dínkù gan-an.

Nílẹ̀ wa ní 2020, ilé la ní kí wọ́n lọ. Ọjọ́ 27 oṣù Èrèlé ni wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tó ní kòrónà ní Nàìjíríà. Oṣù Ẹrẹ́nà kò tíì parí tí ìjọba fi ti gbogbo yunifásítì pa. ASUU náà ti bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tiwọn, ó sì di oṣù Ọ̀pẹ̀ kó tó tán.

Ọ̀kan nínú àwa tó kọ èyí jẹ́ ọmọ Ìpapó. Ẹ̀gbọ́n kan wà ládùúgbò wọn tó wà ní ọdún karùn-ún ẹ̀kọ́ ìṣègùn nígbà náà. Láti ọjọ́ tó ti dé, kò sẹ́ni tó pe orúkọ rẹ̀ mọ́. "Dókítà, wá bá mi wo ẹsẹ̀ yìí." "Dókítà, ṣé lóòótọ́ ni pé ògógóró ń pa kòrónà?"

Lórí fóònù, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fẹnu kò. Àwọn kan ní ìtìjú ni kí wọ́n jókòó sílé nígbà tí iṣẹ́ pọ̀: Ítálì tilẹ̀ fo ìdánwò àṣekágbá kan fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kí wọ́n lè tètè wọṣẹ́. Àwọn kejì ní ta ló máa dáàbò bò wọ́n? Ní oṣù Ẹrẹ́nà yẹn náà ni ọ̀gá àgbà UCH Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Jesse Otegbayo, kó àrùn náà. Ní oṣù Òkúdu, àwọn dókítà abẹ́ ẹgbẹ́ NARD yanṣẹ́ lódì nítorí ohun èlò ìdáàbòbò àti owó ewu tí kò ju ₦5,000 lóṣù lọ.

Ẹ̀yìn àwọn kejì la wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó bọ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn kì í ṣe kékeré. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ gbé ní Igbó-Ọrà, kí wọ́n lè mọ àìsàn láti agboolé tó ti ń bẹ̀rẹ̀. Zoom ò lè kọ́ ọwọ́ bí a ṣe ń tẹ ikùn aboyún. Bí wọ́n tún ṣe padà, ìyanṣẹ́lódì oṣù mẹ́jọ ti 2022 tún ká àwọn tó kù mọ́bẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ìpapó ra ẹ̀rọ ìwọn ìfúnpá. Ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, ó ń wọn àwọn àgbà àdúgbò láràárọ̀, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé kan. Kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó wọ ìwé tí olùkọ́ ń fọwọ́ sí.