Fáìlì Olóríkunkun: Nígbà Tí Kọ̀ǹpútà Bá Kọ̀ Láti Pa Nǹkan Rẹ́

Fáìlì olóríkunkun ni fáìlì tàbí fódà tí èèyàn ní kí kọ̀ǹpútà pa rẹ́, tí kọ̀ǹpútà sì fárígá. Ó lè ní ẹnìkan ń lò ó lọ́wọ́, ó lè ní ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ kò láṣẹ, ó sì lè má sọ ìdí kankan. Àwọn tó ní ìsọ̀ kọ̀ǹpútà ní Ìpájà, nílùú Èkó, láti Ìyànà Ìpájà títí wọ Gowon Estate àti Shagari Estate, mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, nítorí iṣẹ́ wọn kó gbogbo ohun tó ń fà á pọ̀ sójú kan: fláàṣì oníbàárà tó ti wọ oríṣiríṣi ẹ̀rọ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, àti iná tó ń lọ láìdágbére.

Ohun tó wọ́pọ̀ jù ni pé ètò kan ṣì di fáìlì náà mú. Bí Word bá ṣí lẹ́tà kan, ó máa ń sọ fún Windows pé kí ẹnikẹ́ni má pa á rẹ́ títí òun yóò fi parí, Windows a sì pa àṣẹ yẹn mọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni tó ń bá fáìlì jà á búra pé òun ti ti Word pa, òótọ́ ló sì ń sọ. Ohun tó kù nídìí fáìlì lè jẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kò tíì tẹ ìwé tán, tàbí áńtífáírọ́ọ̀sì tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Word tún máa ń ṣe fáìlì kékeré kan tó fara pamọ́, tí ~$ bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀, láti fi kọ orúkọ ẹni tó ń lo lẹ́tà náà sílẹ̀. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí Word ṣì ṣí, fáìlì kékeré yìí á kù sílẹ̀; bí iná bá dé, Word lè ní ẹlòmíì ló ń lo lẹ́tà náà. Kò sí ẹlòmíì níbẹ̀. Bí a bá ti pa fáìlì ~$ yẹn rẹ́, lẹ́tà á tú sílẹ̀.

Ta ló dì í mú? Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú nìyẹn. Task Manager, tó ń jáde bí a bá tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, máa ń fi àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ hàn, a sì lè dá èyí tó ń fa wàhálà dúró níbẹ̀. Èyí tó jinlẹ̀ jù ú lọ ni Process Explorer, iṣẹ́ ọwọ́ Mark Russinovich, ẹni tí òun àti Bryce Cogswell dá Sysinternals sílẹ̀ ní 1996, kí Microsoft tó rà á ní 2006. A kàn máa tẹ orúkọ fáìlì síbi ìwákiri rẹ̀ ni, yóò dárúkọ ètò tó rọ̀ mọ́ ọn. Ní 2022, Microsoft fi File Locksmith kún PowerToys, àkójọ ètò ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ fún Windows. Ọ̀fẹ́ ni, iṣẹ́ kan náà ló sì ń ṣe. Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, kí a pa kọ̀ǹpútà, kí a tún un tàn, kí a sì pa fáìlì náà rẹ́ kí a tó ṣí ohunkóhun.

Ìwà Linux yàtọ̀. Ó jogún tirẹ̀ lọ́dọ̀ Unix, tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní 1969: orúkọ fáìlì ló máa ń kọ́kọ́ lọ, ohun tó wà nínú rẹ̀ á sì dúró títí ètò tó kẹ́yìn tó ń lò ó yóò fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí alábòójútó sáfà fi lè pa fáìlì ńlá rẹ́ kí díìsìkì sì ṣì kún dẹ́múdẹ́mú.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ tún wà. Ẹni tó ra hádì díìsìkì àlòkù ní Computer Village ní Ìkẹjà, tó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, lè bá fódà ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ níbẹ̀, kí Windows má sì gbà kó fọwọ́ kàn án. NTFS, ètò ìtọ́jú fáìlì tí Microsoft gbé jáde pẹ̀lú Windows NT ní 1993, máa ń kọ nọ́ńbà ẹni tó ni fáìlì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, nọ́ńbà yẹn kì í sì í kúrò nígbà tí díìsìkì bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Àṣẹ takeown ló ń gba irú fáìlì bẹ́ẹ̀ fún ẹni tuntun, icacls sì ń fún un lágbára láti pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n bí orúkọ tó jáde bá jẹ́ TrustedInstaller, kí a fi í sílẹ̀. Láti ìgbà Windows Vista ni Microsoft ti fi orúkọ yìí ṣọ́ àwọn fáìlì tí Windows fúnra rẹ̀ gbára lé, ẹni tó bá fipá pa wọ́n rẹ́ lè má rí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tàn mọ́.

Nígbà míì, orúkọ fáìlì gan-an ni wàhálà. Láti ayé DOS ni wọ́n ti ya CON, PRN, AUX àti NUL sọ́tọ̀ fún ohun èlò bíi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Fáìlì tó bá jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lè má fẹ́ lọ, àfi kí a fi \\?\ ṣíwájú àdírẹ́sì rẹ̀ nínú àṣẹ del. Àdírẹ́sì tó gùn tó lẹ́tà 260 náà máa ń kọ́ Windows lẹ́sẹ̀. Kí a gé orúkọ àwọn fódà tó wà lókè kúrú, ó tán.

Èyí tó ń fi ẹkún sójú ọmọ ilé ìwé ni fáírọ́ọ̀sì shortcut. Oníbàárà á fi fláàṣì sí, á bá a pé gbogbo fódà rẹ̀ ti di shortcut. Ó pa wọ́n rẹ́, wọ́n tún yọjú. Ìwé àṣẹ kékeré kan ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, inú ètò Windows tó ń jẹ́ wscript.exe ló sì sábà máa ń gbà. Bí a ṣe ń pa shortcut kan rẹ́ ló ń ṣe òmíràn. wscript.exe yẹn ni ká kọ́kọ́ dá dúró nínú Task Manager, ká yọ ìwé àṣẹ náà kúrò lára ohun tó ń bá kọ̀ǹpútà tàn, ká tó wá pa àwọn shortcut rẹ́. Fáìlì gidi kò lọ síbì kankan, fáírọ́ọ̀sì kàn fi wọ́n pamọ́ ni. Bí fláàṣì bá ń jẹ́ E, àṣẹ attrib -h -r -s /s /d E:\*.* yóò mú wọn jáde. Nítorí náà, kò dára rárá kí ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe sáré fọ́máàtì fláàṣì tí odidi pírójẹ́ẹ̀tì ọmọ yunifásítì wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ọdún kan lè bá a lọ, láìnídìí.

Ó ti pẹ́ tí fláàṣì ti ń gbé irú nǹkan báyìí kiri. Conficker, ètò aṣeniléṣe tó bẹ́ sílẹ̀ ní òpin ọdún 2008, fi í ṣe ọ̀kan nínú ọ̀nà tó gbà tàn kálẹ̀ lágbàáyé, nítorí AutoRun tó ń mú kí Windows ṣí ohun tó wà lórí fláàṣì. Windows 7 dí ọ̀nà yẹn ní 2009. 2011 ni Microsoft tó fi ìdíwọ́ kan náà ránṣẹ́ sí XP àti Vista.

Iná tó lọ nígbà tí fáìlì ń wọ fláàṣì lọ́wọ́ náà lè ba àkọsílẹ̀ rẹ̀ jẹ́, pàápàá fláàṣì tó ń lo ètò ìtọ́jú fáìlì FAT32, tí kò ní ìwé ìrántí tí NTFS fi ń tún ara rẹ̀ ṣe. Orúkọ fáìlì á di wúruwùru, kò ní ṣeé pa rẹ́. Àṣẹ chkdsk pẹ̀lú /f ló ń tún un tò.

Bí kọ̀ǹpútà bá ní káàdì tàbí fláàṣì ti wà ní títì, tàbí tí fáìlì lọ, àmọ́ tó tún padà wá nígbà tí a yọ ọ́ tí a sì tún un fi sí, kí a kọ́kọ́ wo ẹ̀gbẹ́ SD card, bóyá wọ́n ti fa bọ́tìnnì kékeré tó ń tì í pa. Bí kì í bá ṣe bọ́tìnnì, ó ṣeé ṣe kí inú rẹ̀ ti gbó: iye ìgbà tí a lè kọ nǹkan sí i ní ààlà, àwọn fláàṣì kan sì máa ń ti ara wọn sí kíkà nìkan bí wọ́n bá dé ààlà ọ̀hún. Kò sí àṣẹ tó lè mú irú rẹ̀ gbọ́ràn mọ́. Kí a kó ohun tó wà níbẹ̀ sórí ẹ̀rọ mìíràn, kí a ra tuntun. Bí fáìlì tí kò gbà kó lọ bá sì jẹ́ ìwé NIN tàbí àkọsílẹ̀ báńkì ẹnìkan, kí a fi òòlù fọ́ fláàṣì náà wẹ́wẹ́ kó tó dé ààtàn.