Oró

Oró ni ohun tó wà lẹ́nu ejò àti nínú ìrù àkeekèé. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló wà nínú "dá lóró", ìyẹn ni kí a fi ìrora jẹ ènìyàn níyà. Nínú "gáàsì olóró", ìtumọ̀ méjèèjì ló pé síbẹ̀.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1915, àwọn ọmọ ogun Jámánì tú gáàsì chlorine sínú afẹ́fẹ́ nítòsí Ypres, ní Belgium. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà inú kòtò tí àwọn ọmọ ogun sá pamọ́ sí gan-an ló ń wọ̀ lọ. Ó ń jó ẹ̀dọ̀fóró títí omi á fi kún un, ẹni tó wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ á sì kú bí ẹni tó rì sódò.

Ní Halabja, ìlú àwọn Kurd ní Iraq, ará ìlú ni àwọn ọmọ ogun Iraq da gáàsì olóró lé lórí, tìyátọmọ, lọ́jọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 1988. Nǹkan bí 5,000 ènìyàn ló kú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó yè kò lè mí dáadáa mọ́. Ìwà ìkà gbáà ni! Àdéhùn Geneva ti ọdún 1925 ti ka lílo oró lójú ogun léèwọ̀, Iraq sì ti tọwọ́ bọ̀ ọ́ láti 1931.