Kí A Tó Hú Ilẹ̀, Ẹ Jẹ́ Ká Kágò

Bí a bá pe ohun tí wọ́n ń hú nínú àpáta ní “egungun àtijọ́” fún ọmọ ọdún mẹ́fà, a ti ṣì í lọ́nà. Ewé wà níbẹ̀, ìkarahun wà níbẹ̀, ipasẹ̀ ẹranko náà wà. Lọ́pọ̀ ìgbà, egungun ọ̀hún gan-an kì í ṣe egungun lásán mọ́: omi inú ilẹ̀ ti gbé èròjà òkúta wọnú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi le bí àpáta. Ìdí nìyí tí mo fi dábàá “adòkúta” fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “fossil”. Ọmọ tó bá gbọ́ ọ ti gbọ́ ìtàn náà tán.

Orúkọ rọrùn, ọ̀rọ̀-ìṣe ló le. Iṣu là ń wa, ẹni tó sì gbìn ín ló ni ín. Òkú là ń hú, ẹni tó ń hú u mọ̀ pé ẹbí lè béèrè. Nígbà tí awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí egungun ènìyàn ní Ihò Eléérú, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, lọ́dún 1965, “hú” ló bá iṣẹ́ náà mu. Mo yàn án fún adòkúta pẹ̀lú, kí ọmọdé má baà rò pé ìkórè ni.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni “kó”. A ń kó èrè oko, ogun náà sì ń kó. Láti 1909 sí 1913, nígbà tí Jámánì ń ṣàkóso ilẹ̀ tó di Tàǹsáníà lónìí, wọ́n hú àwọn dáínásọ̀ ní Tendaguru. Ọmọ ilẹ̀ náà ló ṣe iṣẹ́ ọ̀hún, àwọn ló sì ru ẹrù náà dé èbúté Lindi. A to ọ̀kan ró ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Berlin. Ó ga ju mítà 13 lọ. Boheti bin Amrani ló ṣáájú àwọn òṣìṣẹ́. Ọdún 2007 ni wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ pe dáínásọ̀ kan. “Kó jọ” ni ká sọ fún ọmọ, àbí “kó lọ”? Mo ní ká sọ “kó lọ”, kó lè béèrè pé: ta ló fún wọn láyè?

Fún ìyọ̀ǹda, a kò ní ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kankan. Ọmọ Yorùbá kì í wọlé onílé láìkágò, ilẹ̀ náà sì ní onílẹ̀. Bí olùkọ́ bá bo ìkarahun ìgbín mọ́nú yẹ̀pẹ̀ kí àwọn ọmọ fi búrọ́ọ̀ṣì hú u, kí wọ́n kọ́kọ́ dúró létí rẹ̀, kí wọ́n ní “Àgò o!” Ọmọ tí a fi ṣe onílẹ̀ lè dáhùn pé “Àgò yà”, ó sì lè dákẹ́. Bó bá dákẹ́, kí wọ́n gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ìkarahun yóò sùn nínú yẹ̀pẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìyọ̀ǹda yóò ti yé wọn.