Iná Tàn, Ojú Mọ́nítọ̀ Dúdú: Ìtàn Iṣẹ́ Wa ní Otigba

Ìwé kékeré tí ilé-iṣẹ́ máa ń fi sínú páálí kọ̀ǹpútà tuntun sábà máa ń sọ pé bí iná bá tàn tí ojú mọ́nítọ̀ sì dúdú, wáyà mọ́nítọ̀ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ní Ìkẹjà tí mo ti kọ́ṣẹ́ ní ìparí àwọn ọdún 1990, ibòmíràn ni ọ̀gá mi máa ń kọ́kọ́ wò. Bí oníbàárà bá ṣe ń rojọ́ lọ́wọ́, ọ̀gá á ti yí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà síwájú, á bẹ̀rẹ̀ wo swíìṣì pupa kékeré tó wà lára power pack, nítòsí ihò tí wáyà iná ń wọ̀. Nọ́ńbà méjì ló máa ń wà níbẹ̀: 115 àti 230. Títí yóò fi rí 230, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ki wáyà bọ̀ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù wa. Lẹ́yìn náà á wá sún imú mọ́ ẹ̀yìn fáànù, á gbóòórùn rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti lò ó. Iná 120 fólítì ni tọ̀hún, tiwa sì lé ní 220. Ẹni tó rà á lójú kọ́ńténà á gbé e délé tayọ̀tayọ̀, á ki wáyà bọ iná, á gbọ́ gbòà! Kápásítọ̀ ńlá méjì ló ń gba iná sára nínú power pack náà, 200 fólítì sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn lè gbà. Bí swíìṣì bá wà lórí 230, àwọn méjèèjì á jọ pín iná, nǹkan bí 160 á kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá wà lórí 115, ńṣe ni swíìṣì náà ń sọ iná di ìlọ́po méjì, torí pé iná kékeré ló rò pé òun ń gbà. Iná Èkó á wá gbé ohun tó lé ní 300 ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórí. Kò sí bí wọn ò ṣe ní bẹ́. Oníbàárà á ra power pack mìíràn, á fi sí i, iná á tàn, fáànù á máa yí, ojú mọ́nítọ̀ á sì dúdú kirimú, nítorí ìbúgbàù àkọ́kọ́ ti ba bọ́ọ̀dù jẹ́. Ìgbà náà ni yóò tó gbé e wá bá wa, kò sì ní fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Imú ọ̀gá ló ń gbọ́ ìyókù ẹjọ́.

Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ọgbọ́n tí a fi ń wá ìdí ‘no display’, bí a ṣe ń pè é, kì í ṣe inú ìwé la ti rí i kó. Bí ìlú yìí ṣe rí, bí iná rẹ̀ ṣe ń ṣe, ibi tí ẹrù rẹ̀ ti ń wá, òun ló to ìbéèrè wa tẹ̀ léra.

Kọ̀ǹpútà kì í ṣe àlejò tuntun ní Nàìjíríà o. Ọdún 1963 ni wọ́n ti gbé èyí àkọ́kọ́ wọlé nítorí ètò ìkànìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìjọba àti ti ilé-iṣẹ́ ńlá nìyẹn, àwọn tó tà á ló ń tún un ṣe. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà wá di ohun tí onítáìpù ẹ̀bá ọ̀nà lè rà ni iṣẹ́ tiwa bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, àdúgbò tí àwọn ènìyàn ń gbé ni òpópónà Otigba àti Ola-Ayeni àti Pepple ní Ìkẹjà jẹ́, ilé oníyàrá tó ní ọgbà. Díẹ̀díẹ̀ ni pálọ̀ di ṣọ́ọ̀bù, tí ibi ìgbọ́kọ̀sí di ibi tí wọ́n ń to mọ́nítọ̀ lérí ara wọn. Àwọn tí mo bá níbẹ̀ kì í ṣe irú ènìyàn kan náà. Àwọn kan ti ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe tẹ́lẹ̀, àwọn kan ka ìwé ẹ̀rọ ní pólì tí wọn ò ríṣẹ́, àwọn mìíràn sì jẹ́ ọmọ iṣẹ́ bíi tèmi, tí òbí fà lé ọ̀gá lọ́wọ́ pẹ̀lú àdéhùn ọdún àti fíríìdọ́ọ̀mù.

Lẹ́yìn swíìṣì àti òórùn, etí ló kàn. Ilé-iṣẹ́ IBM l'Amẹ́ríkà ló kó wa sí i. Nígbà tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà IBM PC jáde ní August 1981, wọ́n kọ́ ọ láti yẹ ara rẹ̀ wò kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kó sì fi ìró sọ ohun tó bá rí. Bí gbogbo nǹkan bá pé, á dún lẹ́ẹ̀kan, kúkúrú. Bí ibi tó ń gbé àwòrán jáde bá ní wàhálà, á dún gígùn kan, kúkúrú méjì. Ọgbọ́n gidi ni: ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ ò là ò lè kọ ohun tó ń ṣe é, nítorí náà wọ́n fún un lóhùn. Ìgbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù dé, oníkálukú yan ìró tirẹ̀. Award di gígùn kan àti kúkúrú méjì mú, AMI ní tòun jẹ́ kúkúrú mẹ́jọ. Ọ̀gá mi kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé aláwọ̀ líle kan, ìlà gígùn fún ìró gígùn, àmì tó-tó fún kúkúrú. Jẹnẹrétọ̀ ló ń ké ní gbogbo Pepple, nítorí náà a máa ń wólẹ̀ ti kọ̀ǹpútà, a fi etí kan mọ́ ara páànù rẹ̀, a fi ìka di èkejì.

Èyí tí kò bá wá dún rárá ńkọ́? Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀gá ò ní fi nǹkan kún un, ńṣe ni yóò máa yọ. Á yọ hard disk, á yọ ibi tí CD ń wọ̀, á yọ gbogbo káàdì, títí tó fi máa ku bọ́ọ̀dù, processor àti fáànù rẹ̀, RAM, power pack àti sípíkà kékeré. Á wá yọ RAM pàápàá. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó fẹ́ bà á jẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá tan iná tí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í dún léraléra pé òun ò rí RAM, a jẹ́ pé bọ́ọ̀dù àti processor ṣì wà láàyè. Bí ó bá sì dákẹ́ síbẹ̀, a mọ ibi tí ọ̀ràn wà. Mi ò tíì rí ìdánwò tó rọrùn tó báyìí tó sì ń sọ òtítọ́ tó báyìí.

RAM fúnra rẹ̀ ló sì máa ń jẹ̀bi jù. Ọ̀rinrin Èkó àti eruku ọyẹ́ máa ń fi nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo etí rẹ̀ tó ní àwọ̀ wúrà. Erésà ọmọ iléèwé la fi ń nù ún, èyí tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ pupa tí ìkejì sì jẹ́ búlúù. Ẹ̀gbẹ́ pupa nìkan o! Búlúù le jù, ó máa ń há wúrà náà kúrò. Èèyàn á di RAM mú ní igun méjèèjì, á fi erésà gbá a síhà kan láìpadà sẹ́yìn, á fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn èérún rẹ̀ dànù, á wá tì í padà títí tí ọwọ́ òsì àti ọ̀tún fi máa ró kẹ́, kẹ́. Àìmọye oníbàárà ló rọra san owó, tó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ pẹ̀lú ìdùnnú, nítorí erésà.

Láàárín ọdún 2000 sí 2007 ni kápásítọ̀ tún gba ìtàn wa, ṣùgbọ́n ti orí bọ́ọ̀dù ni lọ́tẹ̀ yìí. Omi tó wà nínú èyí tí wọ́n ṣe ní àsìkò náà kò dára, gáàsì ń kó jọ sínú rẹ̀, orí rẹ̀ á wú, á ya níbi tí wọ́n ti fín in, omi pupa rúsúrúsú á jáde. Káàkiri ayé ni, kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn, bọ́ọ̀dù tuntun ni wọ́n fi ń dípò rẹ̀. Àwa ń yọ èyí tó wú, a ń já èyí tó dára lára bọ́ọ̀dù tó ti kú, a ń jó o mọ́ ọn. Káfè íntánẹ́ẹ̀tì tó wà lójú pópó nígbà náà, irú àtúnṣe yìí ló gbé ọ̀pọ̀ wọn ró. Ní July 2006 ni òfin Yúróòpù wá lé òjé kúrò nínú ohun tí a fi ń jó nǹkan mọ́ bọ́ọ̀dù. Èyí tó ní òjé ń yọ́ ní nǹkan bí 183 lórí ìwọ̀n Celsius, tuntun náà ń fẹ́ ohun tó tó 217. Àwọn áyọ̀ọ̀nù wa àtijọ́ kò gbóná tó, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló ní láti ra tuntun.

Mi ò ní fi ẹ̀gbin rẹ̀ pamọ́. Ní 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network láti Amẹ́ríkà kọ ìròyìn pé nǹkan bí kọ́ńténà 500 ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọ Èkó lóṣooṣù, àti pé púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ṣe é tún ṣe. Òótọ́ ni pé ìdọ̀tí wọn ni wọ́n ń dà sí wa lọ́rùn. Dígí mọ́nítọ̀ àtijọ́ ní òjé nínú, orí àkìtàn sì ni wọ́n ń fọ́ ọ sí, àwọn ọmọ kéékèèké ń sun wáyà kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀. Ó ń dùn mí títí dòní. Ṣùgbọ́n ìròyìn kan ṣoṣo nìyẹn, kò ka ẹ̀rọ tí a jí dìde lórí tábìlì wa.

Lẹ́yìn tí fóònù GSM dé ní 2001, ọjà Otigba yí padà sí fóònù. Ní ti kọ̀ǹpútà, káàdì kékeré kan láti Ṣáínà wá gba iṣẹ́ etí: èèyàn á kì í bọ bọ́ọ̀dù, nọ́ńbà méjì á tàn lórí rẹ̀ láti sọ ibi tí àyẹ̀wò dúró sí. Lónìí, iná kéékèèké ti wà lára ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù tuntun, wọ́n kọ CPU, DRAM àti VGA sí wọn nídìí, èyí tó bá ní ìṣòro lá tàn. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé àwọn máa kó ọjà náà kúrò ní Ìkẹjà lọ sí Kátángówà.

Ìwé aláwọ̀ líle bíi ti ọ̀gá mi wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àgbà ẹnjiníà ní Ìkẹjà, àwọn ìlà gígùn àti àmì tó-tó wọn, orúkọ bọ́ọ̀dù, ọjọ́ tí wọ́n gbà á àti ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀. Kò sí ilé ìkàwé kankan tí mo mọ̀ tó ń gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ ní in nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi dáná. Ẹ ya fọ́tò ojú ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó ni ín àti òpópónà tó ti lò ó sí i.