Nígbà Tí Ọlọ́dẹ Pe Onílé Ní Olè

Ọmọ kíláàsì wa kan wà tó ń gún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì lójoojúmọ́. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo èèyàn máa ń bi í: "Ṣé ṣúgà lo lá jù ní kékeré ni?" Ó ti sú u. Àtọ̀gbẹ irú kìíní ló ń bá a jà, kì í sì í ṣe ṣúgà lílá ló ń fà á. Ọmọ ogun ara rẹ̀ ló kọjú ìjà sí ara rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn pàápàá pẹ́ kí wọ́n tó gbà bẹ́ẹ̀.

Ní 1869, ní Berlin, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 kan, Paul Langerhans, rí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ṣù jọ káàkiri inú pancreas bí erékùṣù inú omi. Kò mọ iṣẹ́ wọn. Ibẹ̀ ni ínsúlínì ti ń wá. Láti 1922 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún aláìsàn ní ínsúlínì ní Toronto, àwọn ọmọ tí ì bá kú ń yè, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó pa erékùṣù wọn run.

Paul Ehrlich wà lára ohun tó fa ìdádúró yìí. Ní nǹkan bí 1900, òun àti Morgenroth gún àwọn ewúrẹ́ ní ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ mìíràn. Ara wọn gbógun ti ẹ̀jẹ̀ àlejò, kò fọwọ́ kan tiwọn. Ehrlich ní ara ní ohun tó ń kó o níjàánu kó má baà pa ara rẹ̀. (Àwọn tó tẹ̀ lé e ló sọ ọ́ di pé kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé.) Bí wọ́n bá bi àwọn àgbà wa ni, wọn ì bá ti gbọ́ pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Ní 1965, Willy Gepts ní Brussels yẹ pancreas àwọn aláìsàn 22 wò, àwọn tó kú láìpẹ́ sígbà tí àtọ̀gbẹ mú wọn. Nínú 15, ó bá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó pé bo erékùṣù wọ̀nyẹn. Ní 1974, Bottazzo àti Doniach ní London tún rí i nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn kan pé ara wọn ti ń ṣe ohun ìjà sí sẹ́ẹ̀lì erékùṣù.

Báwo ni ọlọ́dẹ ṣe ń ṣi onílé mú? Sẹ́ẹ̀lì a máa gé púrótéènì inú rẹ̀ wẹ́wẹ́, a sì pàtẹ rẹ̀ síta lórí àwo tí wọ́n ń pè ní HLA. Sẹ́ẹ̀lì T ló ń yẹ ọjà náà wò. Inú thymus, lẹ́yìn egungun àyà, ni wọ́n ti ń kọ́ ọ níṣẹ́. Èyí tó bá fẹ́ bá púrótéènì ara jà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa á. Àwọn kan a máa bọ́. Irú àwo HLA tí èèyàn jogún sì lè mú kí wọ́n tètè rí ohun tí wọn yóò bá jà. Ínsúlínì gan-an wà lára ohun tí wọ́n ń bá jà.

Ní 2022, wọ́n fọwọ́ sí oògùn teplizumab ní Amẹ́ríkà. Ó ń tu sẹ́ẹ̀lì T lójú, ó sì lè sún ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn náà síwájú fún nǹkan bí ọdún 2. Ọmọ kíláàsì wa bi wá bóyá ó lè ṣiṣẹ́ fún òun. Kí àìsàn náà tó fojú hàn ni wọ́n ń lò ó.